Ọdún tí mo sáré, tí nǹkan kan kò lé mi

Ọdún ń lọ sópin, mo sì jókòó ti ìwé ìṣirò mi bí mo ṣe máa ń ṣe. Ti ilé ìránṣọ kò gba àlàyé púpọ̀. Owó epo jẹnẹrétọ̀ jẹ èrè wa dáadáa, ṣùgbọ́n a ò jẹ gbèsè. Méjì nínú àwọn ọmọ ìkọ́ṣẹ́ mi ṣe fírídọ̀mù, a jẹ, a mu, a jó. Àkọ́bí mi wọ yunifásítì. Màmá mi wà láyé, ó ṣì ń bá mi jà lórí fóònù. Ọlọ́run ṣeun. Èyí tí mo fẹ́ sọ gan-an ni ti eré sísá.

Sátidé tó kọjá, mo sá kìlómítà 32. N ò tíì sá tó bẹ́ẹ̀ rí láyé mi, kò sì sí èyí tó máa gùn jù ú lọ títí ọjọ́ marathon Èkó fi máa pé nínú oṣù Kejì. Marathon fúnra rẹ̀, kìlómítà 42 àti mítà 195 ni. Àwọn èèyàn ń bi mí pé kí ló dé tí n ò sá gbogbo rẹ̀ wò nílé kó tó di ọjọ́ náà. Ṣúgà tí ara kó pa mọ́ sínú iṣan àti ẹ̀dọ̀ máa ń fẹ́ tán bí èèyàn bá ti ń sún mọ́ kìlómítà 30. Ohun tí èèyàn bá sá kọjá ibẹ̀, ara á fi ọ̀pọ̀ ọjọ́ tún un ṣe. Ta ló fẹ́ ná gbogbo owó ọjà tán lọ́jọ́ tí ọjà kò tíì ná?

Nígbà tí Màmá mi kọ́kọ́ gbọ́, ó ní, "Àbẹ̀kẹ́, kí lò ń lé? Àbí kí ló ń lé ọ?" Àwọn àgbà kúkú ti sọ pé èèyàn kì í sáré lásán nínú ẹ̀gún. Mo dáhùn pé dókítà ló ní kí n máa rìn. Irọ́ kọ́. Dókítà sọ bẹ́ẹ̀ nígbà tó wọn ìfúnpá mi tó rí i pé ó ti ga, torí orí àga ìdí máṣíìnì ni mo ń lo ayé mi. Ṣùgbọ́n rírìn ló sọ. Kò sọ pé kí n gba Ojúẹlẹ́gba lọ sí Kétu.

Ẹni tó bá mọ iṣẹ́ aránṣọ l'Ékòó mọ̀ pé Jímọ̀ kì í ṣe ọjọ́ oorun. Sátidé ni ówàńbẹ̀, òru Jímọ̀ ni gbogbo ayé máa ń rántí pé búbà fún àwọn lápá. Lọ́dún yìí, mo fi òfin lélẹ̀: Ọjọ́bọ̀ ni kí oníkálukú wá gbé aṣọ rẹ̀, aago mẹ́sàn-án alẹ́ Jímọ̀ sì ti bá mi lórí bẹ́ẹ̀dì. Oníbàárà kan ní mo ti ń ṣe yànga. Òmíràn gbé lésì rẹ̀ lọ, ó sì gbé e padà wá. Àwọn ọ̀rẹ́ mi náà ò yé mú aṣọ ẹbí wá. Mò ń rà á, mò ń rán an, ṣùgbọ́n kí n tó sá eré tán, kí n wẹ̀, kí n sùn díẹ̀, àwọn onílù ti ń palẹ̀ mọ́. Bí mo bá sì débẹ̀, ọ̀rọ̀ kan náà ni: "Ẹ ti rù o! Ṣé kò sí?" Kò sí o. Mo ń jẹun ju bí mo ṣe ń jẹ tẹ́lẹ̀ lọ.

Ohun tó le jù ní tèmi ni kí èèyàn sá a díẹ̀díẹ̀. Bí mi ò bá lè kọ ẹsẹ orin ìyìn kan já láìmí gúlegúle, mo ti ń yára jù nìyẹn. Àwọn géńdé á kọjá mi ní Fádèyí, fíì! Tí mo bá máa fi dé Palmgrove, wọ́n ti na ọwọ́ mú irin ẹ̀gbẹ́ títì, wọ́n ń wo bàtà wọn. Mo máa ń kí wọn.

Ní Sátidé yẹn, aago márùn-ún kò tíì lù tí a fi kúrò níwájú Stédíọ̀mù Sùúrùlérè, èmi àti àwọn mẹ́ta kan tí a jọ máa ń sá. Èmi ò lè dá wọ òkùnkùn Èkó. Ọyẹ́ ti mú, iná ọkọ̀ ń ràn bàìbàì nínú eruku. Mo ti fi Vaseline ra ètè, abẹ́ apá àti itan, torí ibi tí ara bá ti ń ha ara láti ìdájí dé ìyálẹ̀ta, omi ìwẹ̀ ló máa jẹ́rìí sí i. Ìgbànú tó wà nídìí mi, ọwọ́ mi ni mo fi rán an. Aṣọ tó ṣẹ́ kù nínú aṣọ ẹbí ẹnì kan ni, àwọ̀ àlùkò àti góòlù. Mo ki rọ́bà sí i lẹ́yìn, mo sì jẹ́ kí ojú rírán rẹ̀ wà níta kó má baà máa ha mí níkùn. Àpò wà níbẹ̀ fún fóònù, dàbínù àti gúlúkóòsì. Omi iyọ̀ àti ṣúgà wà nínú ike lọ́wọ́ mi, irú èyí tí wọ́n ń kọ́ àwa ìyá ọmọ láti máa pò fún ọmọ tó ń yàgbẹ́ gbuuru. Òógùn ń kó omi àti iyọ̀ lọ, èmi ń dá a padà.

Onípáànù, Ọbaníkòró, Maryland, Ọjọ́ta, kò sí wàhálà. Ní Kétu, àwọn ọkọ̀ tòmátì ti ń wọ Mile 12, a sì yí padà.

Ìgbà tí a padà dé Stédíọ̀mù ni ọ̀rọ̀ tó wà ńlẹ̀. Kìlómítà 26 ti pé. Àwọn yòókù parí tiwọn, wọ́n jókòó, wọ́n ń fi eyín ya ọ̀rá pure water. Ó ku mẹ́fà fún èmi. Oòrùn ti ń mú, ilé mi ò jìnnà, mo sì ń gbóòórùn àkàrà. Mo yà sí Bọ̀dé Thomas, mo ń yí Adéníran Ògúnsànyà po. Orúnkún mi ń dún bíi máṣíìnì tí wọn ò ta òróró sí. Kọ́ńdọ́ kan na orí jáde nínú dáńfó: "Màmá, ẹ wọlé, mi ò ní gbowó!" Mo fẹ́ dá a lóhùn, ṣùgbọ́n èémí yẹn ní iṣẹ́ tó fẹ́ ṣe. Nígbà tí fóònù dún pé ó ti pé 32, mo dúró gbagidi síwájú báǹkì kan. Sẹkiúrítì ibẹ̀ béèrè bóyá owó ni mo fẹ́ gbà lẹ́nu ATM. Mo ní rárá, àga ni. Ó gbé tirẹ̀ fún mi.

Ní 2016 tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ marathon Èkó, àwa tí a ní ṣọ́ọ̀bù ní Sùúrùlérè ń ráhùn pé wọ́n dí ọ̀nà oníbàárà. Abraham Kiptum ará Kẹ́ńyà ló gbégbá orókè lọ́dún náà, ó sì tún gbà á ní 2017. Stédíọ̀mù ni wọ́n ti ń gbéra, Eko Atlantic ni wọ́n ń parí sí. Ìlàjì àkọ́kọ́ kò dẹ́rù bà mí, títì tí mo mọ̀ ni. Third Mainland ló ń kọ mí lóminú: afárá tó gùn tó kìlómítà 11.8, tí kò ní igi kan tó lè ṣíji bo èèyàn, tí ẹlẹ́sẹ̀ ò sì lè fi dánra wò lọ́jọ́ lásán. Ọjọ́ náà gan-an ni èmi àti òun máa ríra.

Èékánná àtàǹpàkò ẹsẹ̀ mi kan ti dúdú. Bàtà òkìríkà tí mo rà ní Katangowa ti jẹ tán nísàlẹ̀, mo sì gbọ́dọ̀ wá òmíràn báyìí kó lè bá ẹsẹ̀ mi mọwọ́ kí ọjọ́ tó pé. Màá tún 32 yẹn sá lẹ́ẹ̀kan sí i láàárín oṣù Kìn-ín-ní, lẹ́yìn náà màá máa dín in kù fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ẹ̀yin oníbàárà mi tó ní ìnáwó lọ́sẹ̀ marathon, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé aṣọ wá kí oṣù Kìn-ín-ní tó parí. A máa ti ṣọ́ọ̀bù pa ní Jímọ̀, ní Sátidé àti Sọ́ńdè. Ti Mọ́ńdè, ẹ kọ́kọ́ pè kí ẹ tó máa bọ̀.