Ọ̀pá Wà Lọ́wọ́ Mi, Kọ́kọ́rọ́ Kò Sí

Ẹ̀yin àbúrò mi tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dara pọ̀ mọ́ wa ní kàtídírà, pàápàá ẹ̀yin tí ẹ ti ilé wá kàwé ní Amẹ́ríkà níbí, ẹ jókòó kí n bá yín sọ̀rọ̀. Ọdún kẹẹ̀ẹ́dógún rèé tí mo ti ń ṣe fájà (verger), ẹni tó ń gbé ọ̀pá ṣáájú ìwọ́de nínú ìsìn. Ní Ọ̀sẹ̀ Mímọ́ tó kọjá, mo bá ọ̀kan nínú yín níwájú dígí ní fẹ́sìrì, yàrá tí a ti ń wọ aṣọ ìsìn. Ó gbé ọ̀pá fájà léjìká bíi ṣọ́jà, ó ń wo ara rẹ̀ lọ́tùn-ún, ó ń wò ó lósì. Mo bi í pé ta ni yóò bá wa ṣí ilẹ̀kùn lálẹ́ ọjọ́ náà. Ó ní òun kò mọ̀. Ẹ̀rín pa mí, àyà mi sì já. Ohun tó jẹ́ kí n jókòó kọ̀wé nìyẹn. Ohun márùn-ún ni mo fẹ́ sọ.

Èkíní, ẹ má rò pé ẹ ti mọ̀ ọ́n tán torí pé inú ìjọ Áńgílíkà ni wọ́n bí yín sí. Abẹ́òkúta ni mo ti kọ́ orin ìjọ, inú kọ́ía ni mo sì dàgbà sí. Mo ka Orin Dáfídì sórí débi pé bí o bá jí mi lóru, n óò bá ọ dé ìparí rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ọmọdé ò bá dé oko bàbá ẹlòmíràn, á ní kò sóko tó tó ti bàbá òun. Ìwé Àdúrà ti 1979 ni wọ́n ń lò níbí. Episcopal ni ìjọ Áńgílíkà ti Amẹ́ríkà ń jẹ́, torí nígbà tí wọ́n gba òmìnira lọ́wọ́ ọba Gẹ̀ẹ́sì, wọn kò lè búra fún un mọ́. Nítorí ìbúra yẹn, Samuel Seabury, bíṣọ́ọ̀bù wọn àkọ́kọ́, Aberdeen ní ilẹ̀ Scotland ló ní láti lọ kí wọ́n tó gbé ọwọ́ lé e lórí ní 1784. Tùràrí ńkọ́? Àwọn míṣọ́nnárì CMS (Church Missionary Society) tó mú ìyìn rere wá bá àwọn bàbá wa kò gbé tùràrí dání. Ibí ni mo ti kọ́kọ́ gbọ́ òórùn rẹ̀ nínú ìsìn, ó sì wọ̀ mí lára. Ẹ rántí ọ̀rọ̀ tùràrí yìí, a óò padà dé ibẹ̀.

Èkejì, ẹ kàwé. Ẹ̀kọ́ ọlọ́dún mẹ́rin kan wà tí University of the South ní Sewanee, Tennessee, ṣètò fún àwa ọmọ ìjọ tí a kì í ṣe àlùfáà. Ọ̀sẹ̀ ọ̀sẹ̀ ni a ń pàdé ní yàrá ìsàlẹ̀: Májẹ̀mú Láéláé lọ́dún kan, Májẹ̀mú Titun lọ́dún kejì, ìtàn ìjọ lọ́dún kẹta, kí a tó kan ìmọ̀ nípa Ọlọ́run. Nígbà tí a dé orí ìtàn ìjọ, mo fi Àjàyí Crowther yangàn: ẹrú tí wọ́n tú sílẹ̀, tí wọ́n fi jẹ bíṣọ́ọ̀bù ní Canterbury ní 1864. Ẹnu ya gbogbo wọn. Ìgbà náà ni màmá adúláwọ̀ kan tó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri bi mí bóyá mo mọ Absalom Jones. N kò mọ̀ ọ́n. Ẹrú ni òun náà rí, ó sì ra ara rẹ̀ padà. Wọ́n fa òun àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ dìde lórí ìkúnlẹ̀ àdúrà ní ṣọ́ọ̀ṣì kan ní Philadelphia torí àwọ̀ ara wọn, ni wọ́n bá jáde lọ kọ́ tiwọn. Òun ni adúláwọ̀ àkọ́kọ́ tó di àlùfáà nínú ìjọ Episcopal. Kí Crowther tó dáyé rárá, wọ́n ti fi í jẹ díákónì ní 1795. Mo pa ẹnu mi mọ́ títí a fi pín kọfí.  

Ẹ̀kẹta, ẹ mọ ohun tí fájà jẹ́.

Nílé, ẹ mọ̀ pé fájà ló ń lu agogo, òun ló ń gbálẹ̀, òun ló ń lé ewúrẹ́ kúrò ní àgbàlá. Níbí, fájà a wọ aṣọ dúdú tó gùn délẹ̀, a gbé ọ̀pá tí wọ́n fi fàdákà dé lórí, a sì ṣáájú bíṣọ́ọ̀bù wọlé. Iṣẹ́ tí fájà ilé ń ṣe, olùtọ́jú ilé ló ń ṣe é níbí. Ọjọ́ tí mo fi foonu sọ fún màmá mi pé wọ́n ti fi mí ṣe fájà, ó dákẹ́ díẹ̀, ó ní, "Ṣé agogo lo lọ ń lù ní Amẹ́ríkà ni?" Ọ̀rọ̀ náà dùn mí. Mo ya fọ́tò pẹ̀lú ọ̀pá mi, mo fi ránṣẹ́ sí i.

Ọdún kẹrin tí mo ti ń gbé ọ̀pá náà ni ohun tí mo fẹ́ sọ yìí ṣẹlẹ̀. Tẹ́lẹ̀, aago márùn-ún ìdájí ọjọ́ Àìkú ni a máa ń ṣe àìsùn Àjíǹde. Lọ́dún náà, Díìnì, olórí àlùfáà kàtídírà wa, sún un sí aago mẹ́jọ alẹ́ Sátidé kí àwọn ọlọ́mọ wẹ́wẹ́ lè wá.

Fún ẹni tí kò rí i rí, inú òkùnkùn ni ìsìn náà ti ń bẹ̀rẹ̀. Wọn a dá iná titun nínú agbada irin lẹ́nu ọ̀nà, wọn a tan àbẹ́là ńlá lára rẹ̀, díákónì a sì gbé e wọlé. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni yóò dúró tí yóò kọ ọ́ lórin pé ìmọ́lẹ̀ Kristi nìyí, a óò sì dáhùn pé ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run. Láti ara àbẹ́là yẹn ni iná ti ń dé ọwọ́ gbogbo ènìyàn. Lẹ́yìn náà ni díákónì a kọ orin ìyìn gígùn ti òru náà. Ìwé kíkà a tẹ̀ lé e, a lè fo àwọn kan, ṣùgbọ́n Ìwé Àdúrà kò gbà kí a fo líla Òkun Pupa kọjá. Ẹ̀yìn èyí ni ìrìbọmi.

Àwọn mẹ́ta ló fẹ́ ṣe ìrìbọmi, ọmọ ọwọ́ méjì àti ọmọbìnrin kan tó ti ń bá wa kẹ́kọ̀ọ́ láti oṣù Kẹsàn-án. Èmi ni wọ́n yàn tì í. Ìyá rẹ̀ àgbà jókòó sínú mọ́tò fún wákàtí mẹ́fà kí ó lè fojú ara rẹ̀ rí i.

Mo ní kí ẹ rántí tùràrí. Kí a tó wọlé, mo sọ fún ọmọ tó mú àwo tùràrí pé, "Fi kún un." Ó bu ṣíbí kan. Mo ní, "Fi kún un sí i." Èéfín gùn òkè, ìmọ́lẹ̀ àbẹ́là ràn án, ó pọ́n bí epo. Orí mi wú.

Díákónì, obìnrin kan tí ohùn rẹ̀ mọ́ bí omi, ti kọ orin náà dé ìdajì nígbà tí aláàmù iná figbe ta. Ẹ má rò pé agogo ni. Igbe ewúrẹ́ tí wọ́n so lẹ́sẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ni. Iná funfun bẹ̀rẹ̀ sí í ṣẹ́jú lára ògiri, ohùn kan láti inú ẹ̀rọ ní kí gbogbo wa jáde. Òkùnkùn tí a fara balẹ̀ tọ́jú pòórá. Díákónì kọrin dé òpin ìlà tó wà kó tó pa ẹnu dé. Mo bọ̀wọ̀ fún un títí dòní.

A jáde sórí koríko nínú òtútù. Àwọn panápaná dé. Ọ̀gá wọn, géńdé kan tó wọ bàtà títí dé orúnkún, béèrè pé ta ló ń darí ibí. Bíṣọ́ọ̀bù wo Díìnì, Díìnì wo Kánọ́nì, àlùfáà tó wà lábẹ́ rẹ̀, Kánọ́nì wo ọ̀pá ọwọ́ mi. Géńdé náà kọjú sí mi: níbo ni àpótí aláàmù wà? Mo ṣáájú rẹ̀. Ẹ̀yin èèyàn mi, ìrìn ìwọ́de ni mò ń rìn, ẹsẹ̀ mi kò mọ òmíràn nínú aṣọ yẹn. Mo ṣí ilẹ̀kùn kan. Ìgbálẹ̀ ló wà níbẹ̀, àti aṣọ àwọn ọmọ kọ́ía.

N kò ní nọ́ńbà olùtọ́jú ilé lórí foonu mi. Ọ̀kan nínú àwọn ìyá tó ń tọ́jú pẹpẹ ló ní in. Ìdajì wákàtí kọjá kí bàbá náà tó dé, sálúbàtà ló wọ̀. Ó gba iwájú mi kọjá lọ sí àpótí irin kékeré kan lẹ́yìn ilẹ̀kùn àríwá, èyí tí mo ti ń gbé ọ̀pá kọjá lára rẹ̀ fún ọdún mẹ́rin, ó yí kọ́kọ́rọ́. Ibi gbogbo dákẹ́. Kò wojú mi.

Lẹ́yìn náà ni mo tó mọ̀ pé gbogbo ọjọ́ tí a bá fẹ́ sun tùràrí, bàbá yìí ló máa ń pe àwọn tó ń ṣọ́ aláàmù náà, tí yóò pa á fún wákàtí ìsìn, tí yóò sì tún tàn án bí a bá ti lọ. Ìdájí Àìkú ni bàbá náà ń retí wa, kò sí ẹni tó sọ fún un pé aago ti yí. Ojú ìwé kẹrìnlá ìwé ìlànà ìsìn wa sọ ọ́ gbangba pé fájà ni kó sọ aago ìsìn fún olùtọ́jú ilé, ó kéré tán ní ọjọ́ mẹ́ta ṣáájú. Ọdún mẹ́rin ni ìwé náà fi wà ní dúrọ́ọ̀ mi. Ọmọ Abẹ́òkúta, kí ni mo fẹ́ fi ìwé ìlànà ṣe?

Aago mẹ́wàá àbọ̀ ti kọjá kí omi tó kan ọmọbìnrin náà lórí. Òtútù ti mú ìyá rẹ̀ àgbà, wọ́n ti gbé e lọ sí hòtẹ́ẹ̀lì. Àbẹ́là rẹ̀ ṣì wà lórí àga. Ọmọ náà wo àga yẹn kó tó tẹrí ba. Kò sọ ohunkóhun sí mi, ìyá àgbà náà kò sì padà wá sọ́dọ̀ wa mọ́.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, nínú ìpàdé, Kánọ́nì ní ẹ̀ẹ̀mẹta ni òun rán mi létí. Irọ́ ni. Mo sọ ọ́ nígbà náà lọ́kàn mi, mo ń sọ ọ́ jáde báyìí: kò rán mi létí lẹ́ẹ̀kan. Ṣùgbọ́n ojú ìwé kẹrìnlá wà ní ṣíṣí níwájú Díìnì, kí ni mo fẹ́ wí? Wọ́n gba ọ̀pá lọ́wọ́ mi títí di Ádífẹ́ǹtì, àkókò tó ṣáájú Kérésìmesì.

Mo mọ̀ pé ohun márùn-ún ni mo ní n óò sọ. Ẹ fi ìkẹrin àti ìkarùn-ún jì mí. Ohun tó ń dùn mí jù lọ ni pé Yorùbá ni mí. Mò ń dọ̀bálẹ̀ fún bíṣọ́ọ̀bù tí kò tilẹ̀ mọ ìdí ìdọ̀bálẹ̀, mo sì ń kọjá lára ẹni tó ń gbálẹ̀ lójoojúmọ́ láì sọ pé ẹ kú iṣẹ́. Ọdún mẹ́rin! Nílé, ọmọ ọdún márùn-ún tó bá dán an wò, etí rẹ̀ á gbóná. Ẹ̀yin náà ń ṣe é. Mo ń rí yín lẹ́yìn ìsìn, ẹ ń tò sẹ́yìn Díìnì láti bọ̀ ọ́ lọ́wọ́, bàbá tuntun tó ń kó àga sì ń gba àárín yín kọjá bí ẹni tí kò sí.

Nígbà tí mo lọ tọrọ àforíjì lọ́wọ́ bàbá àtijọ́ náà, kò sọ pé ó dáa, kò sọ pé kò dáa. Ó ní kí n bá òun di ẹsẹ̀ àkàbà mú, òun fẹ́ pààrọ̀ gílóòbù. Mo dì í mú. Sátidé tó tẹ̀ lé e, mo tún lọ. Orúkọ rẹ̀ gan-an ni gbogbo ìjọ ń pè é, bí àṣà wọn, ẹnu mi kò gbà á. "Sir" ni mo ń pè é títí ó fi fẹ̀yìn tì. Ó fi ibi tí gbogbo kọ́kọ́rọ́ wà hàn mí. Ó kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń yọ ọ̀rá àbẹ́là lára kápẹ́ẹ̀tì: ẹ fi ọ̀bẹ tí kò mú ha èyí tó bá nípọn, ẹ tẹ́ bébà tí wọ́n fi ń di ọjà lé e, ẹ wá fi áyọ́ọ̀nù tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ lọ̀ ọ́ lórí. Ọ̀rá náà á fà sínú bébà.

Ọjọ́ Ajé Àjíǹde tó kọjá yìí, mo wà lórí ìkúnlẹ̀ nídìí iṣẹ́ yìí nígbà tí màmá mi pè. Ó ti lé ní ẹni ọgọ́rin ọdún, kò gbàgbé nǹkan kan. Ó ní ṣé agogo náà ni mo ṣì ń lù. Mo ní, "Rárá, Màámi, àbẹ́là ni mò ń fi áyọ́ọ̀nù yọ lára kápẹ́ẹ̀tì." Ó ní kí n má jẹ́ kó jó.