Kí Ẹ Tó Jẹ́ Kí Wọ́n Gún Ìyá Yín Lábẹ́rẹ́ Ìrora

Ìyá mi ń ta léèsì ní Balógun, ó ti ń tà á kí n tó bẹ̀rẹ̀ iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Orí àpótí kékeré kan ló máa ń jókòó sí láti àárọ̀ títí ilẹ̀ á fi ṣú, oníbàárà dé á dìde, á nàgà gbé léèsì bọ̀ láti òkè, á tú u, wọn ò ní rà á, á ká a padà, á tún jókòó. Nígbà tí ẹ̀yìn bẹ̀rẹ̀ sí í dùn ún lọ́dún tó kọjá, gbogbo wa ní iṣẹ́ ni. Ó fi róòbù pa á, ó ra oògùn ní kẹ́místì, ó ní ó ti ń lọ. Ìgbà tí ìrora yẹn wá sọ̀ kalẹ̀ láti ìdí, tó gba ẹ̀yìn itan, tó gba ẹ̀gbẹ́ ojúgun títí dé àtàǹpàkò ẹsẹ̀ ọ̀tún, ìgbà yẹn lẹ̀rù bà mí. Ó ní bíi kí wọ́n ki wáyà iná bọ inú ẹsẹ̀ òun ni. Aago méjì òru, mo máa ń gbọ́ ìró sílípáàsì rẹ̀ nínú pálọ̀ wa ní Sùúrùlérè, ó ń rìn lọ ó ń rìn bọ̀, torí kò lè jókòó, kò lè dùbúlẹ̀.

Ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan lọ́jà, tí wọ́n jọ ń dá àjọ, ló júwe ibì kan fún wa lórí mainland. Mi ò ní dárúkọ ibẹ̀. Pátákó ńlá wà lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n kọ ọ́ sí i pé spẹ́ṣálísì ìrora ni, èrò kún inú ilé, ọkùnrin náà wọ aṣọ funfun, gbogbo èèyàn ń pè é ní Dókítà. Ó bi ìyá mi níbi tó ń dùn ún, ìyá mi nawọ́ sí i, ó ní iṣan ló há, abẹ́rẹ́ mẹ́fà ló máa yanjú ẹ̀, ọ̀kan lọ́sẹ̀ kan, ẹgbẹ̀rún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún náírà lọ́kọ̀ọ̀kan. Kò fọwọ́ kan ẹsẹ̀ ìyá mi rárá. Mo rí i, mo dákẹ́, torí ìyá mi ò sùn láti ọjọ́ mélòó kan, ẹni tí ara ń ni kì í rójú dúró gbọ́ ìbéèrè.

Kí n má purọ́, abẹ́rẹ́ àkọ́kọ́ ṣiṣẹ́. Ìyá mi sùn lálẹ́ ọjọ́ náà, ó jí, ó gbàdúrà fún ọkùnrin yẹn fún odidi wákàtí kan. Ọjọ́ mẹ́rin lẹ́yìn ẹ̀ ìrora padà. Wọ́n tún gún un, ó tún rọlẹ̀, ó tún padà. Lẹ́yìn ìkẹrin, nọ́ọ̀sì kan tó ń gbé lókè wa wá kí i, ó kàn ń wo ojú ìyá mi ni, ó ní, "Mọ́mì, ẹ̀rẹ̀kẹ́ yín wú o, kí ni wọ́n ń gún fún yín?" A ò mọ̀. Ó lọ mú ẹ̀rọ tó fi ń yẹ súgà wò wá láti yàrá ẹ̀, ó gba ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ lórí ìka ìyá mi, súgà yẹn lọ sókè, ìyá mi tí kò ní àtọ̀gbẹ rí. Mo pe ọkùnrin náà, mo kí i dáadáa, mo ní Dókítà ẹ jọ̀ọ́ kí lorúkọ oògùn tó wà nínú abẹ́rẹ́ Mọ́mì mi. Ó ní àdàlù tiwọn ni, àwọn kì í sọ ọ́ síta.

Ọ̀rọ̀ yẹn ló mú mi jókòó sídìí fóònù. Gbogbo dókítà tó bá máa ṣiṣẹ́ ní Nàìjíríà, orúkọ ẹ̀ gbọ́dọ̀ wà lọ́dọ̀ MDCN, ìyẹn àjọ ìjọba tó ń forúkọ àwọn dókítà àti dókítà eyín sílẹ̀, èèyàn sì lè yẹ orúkọ dókítà wò lọ́dọ̀ wọn. Dókítà kọ̀ọ̀kan ló ní nọ́ńbà tiẹ̀ tí wọ́n ń pè ní folio number, ọdọọdún ló sì gbọ́dọ̀ tún láísẹ́ńsì ẹ̀ gbà, kì í ṣe ohun tí wọ́n ń gbà lẹ́ẹ̀kan tó parí síbẹ̀. Mo tẹ orúkọ ọkùnrin yẹn, kò jáde. Mo yí sípẹ́lì padà, mo fi orúkọ bàbá ṣáájú, mo yọ lẹ́tà kan kúrò, kò jáde. Mo tún pè é, mo ní ẹ jọ̀ọ́ sà, nọ́ńbà folio yín ńkọ́, ó ní irú ìbéèrè wo nìyẹn, ó já fóònù mọ́ mi létí.

Ìyá mi bínú sí mi ju bó ṣe bínú sí i lọ. Ó ní ṣé ṣe ni mo fẹ́ kí òun padà sínú ìrora ni, pé ẹni tó ń bá òun ṣe é ni mo fẹ́ bà jẹ́. Mi ò dá a lóhùn. Ẹni tí kò bá tíì rí òbí ẹ̀ tó ń sunkún nítorí ìrora ò lè mọ ìdí tí àgbàlagbà fi máa di ẹnikẹ́ni tó bá fún un ní oorun alẹ́ kan mú.

Ohun tí mo wá kọ́ láàárín ọ̀sẹ̀ méjì tó tẹ̀lé e ni mo fẹ́ kí ẹ̀yin náà gbọ́. Ìrora tó bá ti ju oṣù mẹ́ta lọ, àìsàn lọ́tọ̀ ni wọ́n ń kà á sí, ó ní àwọn tó kọ́ṣẹ́ ẹ̀, àmọ́ kò sẹ́ni tó jáde ní yunifásítì tó ti di dókítà ìrora lọ́jọ́ yẹn. Ọdún mẹ́fà ni wọ́n fi ń kọ́ iṣẹ́ dókítà, housejob ọdún kan, ìyẹn iṣẹ́ ìkọ́ṣẹ́ ní ọsibítù, NYSC ọdún kan, ẹ̀yìn ẹ̀ ló máa wá wọ residency, níbi tí dókítà ti ń kọ́ ẹ̀ka kan ní ọsibítù, tó máa gba ọdún bíi márùn-ún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ìdánwò lórí ìdánwò, kí wọ́n tó pè é ní consultant, ìyẹn ọ̀gá nínú ẹ̀ka ẹ̀. Orí ìyẹn ni wọ́n ti máa ń lọ kọ́ ti ìrora kún un. Ọ̀pọ̀ wọn ló sì jẹ́ pé ibi oògùn oorun ni wọ́n ti wá, àwọn anaesthetist tó ń dúró lórí ẹni tí wọ́n ń ṣiṣẹ́ abẹ fún. Ó yà mí lẹ́nu nígbà tí mo kọ́kọ́ gbọ́ ọ, ó wá yé mi nígbà tí mo rántí ọjọ́ tí wọ́n fi iṣẹ́ abẹ gbẹ̀bí ọmọ mi kejì: abẹ́rẹ́ kan ṣoṣo lẹ́yìn mi, láti ìdodo dé ẹsẹ̀ mi kú, ojú mi wà lójúfò mo ń gbọ́ igbe ọmọ. Àwọn yẹn ló mọ ọ̀nà tí iṣan ń gbà, àwọn ló mọ ibi téèyàn ń fi abẹ́rẹ́ sí àti ibi tí kò gbọ́dọ̀ fi í sí. Àwọn míì máa ń wá láti ibi iṣẹ́ eegun, tàbí iṣẹ́ ọpọlọ àti iṣan, ìyẹn náà dáa. Ṣá ti bi í pé kí lẹ kọ́ kí ẹ tó kọ́ ti ìrora. Ẹni tó kọ́ ọ máa sọ ọ́ fún yín ní gbólóhùn kan.

Àwọn lẹ́tà tó máa ń wà lẹ́yìn orúkọ wọn náà ní ìtumọ̀. Ẹni tó bá kọ FMCA, National Postgraduate Medical College ló fún un ní ti anaesthesia, ìyẹn iṣẹ́ oògùn oorun, Ìjànikin lọ́nà Agbádárìgì ni kọ́lẹ́ẹ̀jì yẹn wà. FWACS jẹ́ ti West African College of Surgeons, Yábà níbí ni ọ́fíìsì wọn wà, àwọn oníṣẹ́ abẹ ń lò ó, àwọn anaesthetist náà ń lò ó, torí náà ẹ bi í pé ẹ̀ka wo. FIPP, ti World Institute of Pain ni, ìdánwò lórí abẹ́rẹ́ ìrora gan-an ni. Èyí tó bá ti ìlú òyìnbó dé, tó ní òun ṣiṣẹ́ ní London, ẹ lè wo orúkọ ẹ̀ lórí rẹ́jísítà GMC, àjọ tó ń forúkọ àwọn dókítà sílẹ̀ lọ́hùn-ún, láìsan kọ́bọ̀, ṣùgbọ́n bó ti wù kó kàwé tó lọ́hùn-ún, tó bá máa fọwọ́ kan aláìsàn ní Nàìjíríà, MDCN ṣì gbọ́dọ̀ mọ̀ ọ́n. Ìwé orí ògiri ńkọ́? Ẹ sún mọ́ ọn, ẹ kà á. Níbi tí wọ́n ti gún ìyá mi, férémù mẹ́jọ ló wà lára ògiri, mo ya fọ́tò wọn lọ́jọ́ kẹta tí a lọ, mo lọ kà wọ́n nílé, mẹ́fà nínú wọn ni wọ́n kàn fi jẹ́rìí pé ó wá síbi ìpàdé ọjọ́ kan tàbí ọjọ́ méjì.

Ilé ìwòsàn fúnra ẹ̀ náà ń forúkọ sílẹ̀. Ní Èkó, HEFAMAA ló ń ṣe ìyẹn, àjọ tí ìjọba ìpínlẹ̀ dá sílẹ̀ lábẹ́ òfin ètò ìlera ti ọdún 2006, àwọn ló máa ń lọ ti ilé ìwòsàn tí kò ní ìwé pa. Bí ẹ bá wọlé, ẹ bèèrè ìwé HEFAMAA tọdún yìí. Àwọn oníṣẹ́ físíò, tó ń fi eré ìdárayá àti ìfọwọ́wọ́ra wo ara sàn, náà ní àjọ tiwọn lọ́tọ̀, òótọ́ sì ni pé àwọn kan nínú wọn tí wọ́n kàwé dé góńgó máa ń jẹ́ Dókítà, kì í ṣe ẹ̀tàn, mo bọ̀wọ̀ fún wọn gidigidi, ẹ ó rí ohun tí wọ́n ṣe fún ìyá mi níwájú. Ẹ ṣáà mọ èyí tí ẹ jókòó níwájú ẹ̀.

A wá rí dókítà wa. Ọsibítù ìjọba ni, a gba káàdì láàárọ̀ kùtùkùtù, a jókòó títí di nǹkan bí aago kan ọ̀sán, ìyá mi ń ráhùn, èmi náà ti ń rẹ̀wẹ̀sì. Obìnrin ni dókítà, kò tíì tó àádọ́ta ọdún. Mo ti wo orúkọ ẹ̀ kí n tó wá, ó wà níbẹ̀, síbẹ̀ mo ní kí n bi í lójúkojú, ọkàn mi ń lù kìkì. Mo ní Dókítà ẹ má bínú, ohun tójú wa rí ló jẹ́ kí n bèèrè, níbo lẹ ti kọ́ṣẹ́ ìrora? Obìnrin náà rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ní ó dáa tí mo bèèrè, ó sọ ọ́ látòkè délẹ̀, ọsibítù tó ti ṣe anaesthesia, ọdún tó parí, ibi tó ti lọ kọ́ ti ìrora kún un, ó wá nawọ́ sí láísẹ́ńsì ẹ̀ lára ògiri, ó ní kí n wo ọdún tó wà lórí ẹ̀. Kò gbà ju ìṣẹ́jú méjì lọ. Mo rántí ẹni tó já fóònù mọ́ mi létí.

Ó wá dojú kọ ìyá mi. "Mama, ẹ bá mi bọ́ bàtà." Ó ní kó fi ìka ẹsẹ̀ rìn, kó fi gìgísẹ̀ rìn, ti gìgísẹ̀ yìí ni ẹsẹ̀ ọ̀tún ti ń já bọ́, èmi tí mò ń bá a gbélé ò mọ̀. Ó dùbúlẹ̀, dókítà gbé ẹsẹ̀ náà sókè ní nínà gbọọrọ, díẹ̀díẹ̀, ojú ẹ̀ wà lójú ìyá mi, kò wo ẹsẹ̀ yẹn, ibi tí ìyá mi ti lanu pé yéè ló dá a dúró sí. Ó fi ohun kan tó mú díẹ̀ tọ́ ọ káàkiri ẹsẹ̀ méjèèjì, ó ń bèèrè pé ṣé bákan náà ni. Ó fi àtẹ́lẹwọ́ ti àtàǹpàkò ẹsẹ̀, ó ní "Mama, ẹ bá mi jà, ẹ tì mí padà." Ìyá mi tì í, kò lágbára. Ó bi í nípa ìtọ̀, nípa ìgbẹ́, nípa bóyá ojú ara ń kú tipiri. Ó yíjú sí mi, ó ní tí ìtọ̀ bá há, tàbí tí abẹ́ bá kú tipiri, tàbí tí ẹsẹ̀ bá rọ lójijì, kí a má dúró de ọjọ́ àpọ́íńtímẹ́ǹtì, kí a gbé e wá lóru yẹn náà ni, torí iṣẹ́ abẹ kíákíá ló lè gba ẹsẹ̀ yẹn là. Nípa abẹ́rẹ́ tí wọ́n ti gún un tẹ́lẹ̀, ó ní wíwú ẹ̀rẹ̀kẹ́ àti súgà yẹn jọ ti steroid, oògùn alágbára kan tó ń mú wíwú àti ìrora rọlẹ̀, tí wọ́n ń gún léraléra, àti pé irú ẹ̀ ń jẹ eegun àgbàlagbà.

Kò gún un lọ́jọ́ yẹn. Ó ní kí a lọ ṣe MRI, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń ya àwòrán inú ara, ó ní kí súgà kọ́kọ́ rọlẹ̀, ó fún un ní oògùn alẹ́ kékeré kan, ó kọ físíò ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ sí i. Ọ̀dọ́kùnrin tó ń ṣe físíò yẹn ló kọ́ ìyá mi bí wọ́n ṣe ń dìde láti ibi àpótí, òun ló ní kí a ju àpótí yẹn dànù ká ra àga tó ga. Oṣù méjì lẹ́yìn ẹ̀ ni wọ́n wá gún un, ẹ̀ẹ̀kan péré, nínú tíátà, ẹ̀rọ ẹksiréè wà lórí ẹ̀ tí dókítà ń wo ibi tí abẹ́rẹ́ ń bá lọ, lẹ́yìn tó ti sọ fún wa pé ó lè má ṣiṣẹ́, pé tó bá ṣiṣẹ́ ó lè má pẹ́, físíò yẹn ni kó má fi sílẹ̀. Ó kọ orúkọ oògùn náà àti bó ṣe pọ̀ tó sórí ìwé, ó buwọ́ lù ú, ó fún ìyá mi.

Kò lọ tán pátápátá. Tó bá dúró pẹ́, ẹsẹ̀ yẹn á ta á díẹ̀. Àmọ́ ó ń sùn, ó sì ti padà sí Balógun, ọjọ́ mẹ́ta lọ́sẹ̀.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá mo lọ gbé oúnjẹ fún un ní ṣọ́ọ̀bù, mo bá ọ̀rẹ́ rẹ̀ ọjọ́sí níbẹ̀, èyí tó júwe ilé alábẹ́rẹ́ fún wa, ó di orúnkún mú, ó ní òun ti gba ìkẹta níbẹ̀ o. Ìyá mi ò bá a jà. Ó ṣí pọ́ọ̀sì owó ẹ̀, ó yọ ìwé dókítà yẹn láàárín àwọn rìsíìtì, ó ti gbó létí níbi tí wọ́n ti ń ká a, ó tẹ́ ẹ sórí léèsì. Ó ní, "Èyí lorúkọ ohun tí wọ́n gún fún mi. Ìwọ, kí lorúkọ tìẹ?"