Àyẹ̀wò ọdún 2024: Jímọ̀ tí àbúrò mi dákẹ́

Ẹ kú ìpalẹ̀mọ́ ọdún o, ẹ̀yin ènìyàn mi. Ẹ̀yin tí ẹ ti ń béèrè láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá pé àyẹ̀wò ọdún dà, mo gbọ́ yín. Mo fẹ́ tò ó bí mo ṣe máa ń tò ó lọ́dọọdún: ọjà lákọ̀ọ́kọ́, kó tó kan ilé, àwọn ọmọ, àti ẹsẹ̀ tó ń dun Màmá. Kò tò. A gba ààwẹ̀, a ṣe Iléyá, mo ta aṣọ, mo san owó ilé ìwé. Ṣùgbọ́n bí mo bá ti ní kí n mú ọ̀kan nínú wọn sọ, oṣù Kẹsàn-án ni ọkàn mi ń bá lọ.

Ẹ mọ àbúrò mi, nọ́ọ̀sì wa, àbígbẹ̀yìn Màmá. Ẹ sì mọ̀ pé Asheville ló ń gbé, ní ìpínlẹ̀ North Carolina ní Amẹ́ríkà, láàárín àwọn òkè. Nígbàkígbà tí ìjì ńlá bá wà lórí tẹlifíṣọ̀n, tí Màmá bá ti ń pariwo orúkọ rẹ̀, òun ló máa ń fi í lọ́kàn balẹ̀ pé etí òkun ni ìjì ti ń jà, pé òkun jìnnà sí òun. Irọ́ kọ́ ló ń pa. Àwọn ará Amẹ́ríkà fúnra wọn ń kó lọ síbẹ̀, torí wọ́n gbà pé ojú ọjọ́ kò ní yọ wọ́n lẹ́nu níbẹ̀.

Alẹ́ Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ 26 oṣù Kẹsàn-án, ni ìjì Helene kọlu Florida, tí atẹ́gùn rẹ̀ ń sáré tó máìlì 140 ní wákàtí kan. Òjò mìíràn ti kọ́kọ́ rọ̀ sórí àwọn òkè North Carolina kí Helene tó gòkè dé ọ̀hún. Ilẹ̀ ti mu omi yó. Ní ibì kan tí wọ́n ń pè ní Busick, òjò tó rọ̀ láàárín ọjọ́ mélòó kan lé ní ínṣì 30. Ká ní ó dúró sójú kan ni, ì bá mu àgbàlagbà dé itan. Omi kì í sì í dúró lórí òkè. Àfonífojì ló ń wá lọ, àfonífojì ọ̀hún ni Asheville wà, níbi tí odò Swannanoa ti ń wọ odò French Broad. French Broad kún kọjá ibi tó kún dé ní ọdún 1916, èyí tí àwọn ará ibẹ̀ ti ń pìtàn rẹ̀ fún ọmọ wọn láti ọjọ́ náà.

Ìsọ̀ ni mo wà, lẹ́yìn ìrun Jímọ̀, nígbà tí àtẹ̀jíṣẹ́ rẹ̀ wọlé: “Ẹ̀gbọ́n mi, iná ti lọ, omi ti bo títì. Ẹ má tíì sọ fún Màmá.” Mo fèsì lórí WhatsApp, kò dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Àmì ẹyọ kan. Mo kọ òmíràn. Àmì ẹyọ kan. Mo pè é, kò lọ. Ọwọ́ mi bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n tó bẹ́ẹ̀ tí oníbàárà tó ń ná àdìrẹ lọ́wọ́ mi fi gba aṣọ náà, ó ká a fún mi, ó ní kí n jókòó.

Ta ló lè fi irú rẹ̀ pamọ́ fún Màmá? Kí ilẹ̀ Sátidé tó ṣú, fídíò ti dé ọwọ́ àwọn obìnrin ẹgbẹ́ àdúrà rẹ̀: odindi ilé ń léfòó lọ lórí omi. Ẹnì kan tún fi ohùn kan ránṣẹ́ sí i pé ìdídò ti já, pé gbogbo ìlú náà ti parun. Irọ́ ni. Ẹ jọ̀ọ́, mo bẹ yín lórúkọ Ọlọ́run, bí ohùn ẹni tí ẹ kò mọ̀ bá wọ fóònù yín nígbà tí omi ń gbé ènìyàn lọ níbìkan, ẹ jẹ́ kó kú sọ́wọ́ yín. Ìyá ẹnì kan ló máa gbọ́ ọ. Ìfúnpá Màmá fò sókè lálẹ́ ọjọ́ náà débi tí a fi rò pé ilé ìwòsàn là ń lọ.

Àwọn ènìyàn bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé. Ẹni tó kọ́kọ́ dé ni Mallam, tó ń ta àlùbọ́sà ní Sábó, níbí ní Òṣogbo. Ẹ rántí ohun tí mo kọ nípa rẹ̀ níbẹ̀rẹ̀ oṣù náà. Ọjọ́ 10 oṣù Kẹsàn-án ni ìdídò Alau já ní Maiduguri, tí omi wọ Monday Market, tó wọ ààfin Shehu, tó wọ ọgbà ẹranko, tó lé ọgọ́rọ̀ọ̀rún ẹgbẹ̀rún ènìyàn kúrò nílé. Àwọn àgbà ibẹ̀ ní irú rẹ̀ ṣẹlẹ̀ ní 1994. Ilé ẹ̀gbọ́n Mallam wà nínú omi náà. Àdúgbò wa dá owó fún un nígbà yẹn, a kó aṣọ, a kó ìkòkò, Bàbá Mẹkáníìkì ló ń gbé fìlà kiri láti ojúlé dé ojúlé. Ẹnì kan tí kò mọ̀ wọ́n rí ló pọn àwọn ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sẹ́yìn lọ́kọ̀ọ̀kan kọjá omi tó dé àyà.

Mallam bọ́ bàtà sẹ́nu ọ̀nà, ó jókòó sílẹ̀ lórí ẹní níwájú Màmá, ó ní, “Màmá, tèmi náà dákẹ́. Ọjọ́ mẹ́rin. Ó sọ̀rọ̀.” Kò fi nǹkan kan kún un. Láti ọjọ́ Jímọ̀, gbogbo wa ti sọ fún Màmá pé kò séwu, kò dá ẹnikẹ́ni lóhùn. Mallam ló dá lóhùn. Màmá ní, “Ọjọ́ mẹ́rin?” Mallam ní, “Ọjọ́ mẹ́rin.” Ìgbà yẹn ló tó gba ẹ̀kọ lọ́wọ́ Ìyá Ìbejì, aládùúgbò wa.

Ìyá Ìbejì kò padà sílé rẹ̀ lálẹ́ náà. Ó tẹ́ ẹní sí ẹsẹ̀ ibùsùn Màmá, ó ń jí fún un lóògùn. Àwọn ẹlẹ́gbẹ́ rẹ̀ láti ṣọ́ọ̀ṣì wá bá àwọn ẹlẹ́gbẹ́ Màmá láti mọ́ṣáláṣí, wọ́n jọ kún pálọ̀ kan náà, àwọn kan ń ṣe àmín, àwọn kan ń ṣe àmíìn. Kò síná lọ́dọ̀ wa lọ́sẹ̀ náà. Bàbá Mẹkáníìkì gbé jẹnẹrétọ̀ rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, ó na wáyà gba ojú fèrèsé wọlé, ó ní fóònù yìí kò gbọdọ̀ kú. Epo ti ń lọ sí ₦1,000 lítà. Èyí tó rà fún iṣẹ́ tirẹ̀ ló ń rọ sí i. Mo ní kí n san owó rẹ̀, ó wò mí bí ẹni pé mo bú u.

Àṣálẹ́ ọjọ́ 1 oṣù Kẹwàá, ọjọ́ òmìnira, fóònù dún. Iwájú ilé ìkàwé kan láàárín ìlú ló ti ń pè, níbi tí wọn ti rí Wi-Fi, tí ogunlọ́gọ̀ ènìyàn dúró sí pẹ̀lú fóònù lọ́wọ́, oníkálukú ń sọ fún ẹbí rẹ̀ pé òun ò tíì kú. Ohùn rẹ̀ ti ha. Màmá gba fóònù, ó pe orúkọ rẹ̀ ní gígùn, oríkì ló bá dé. Ariwo tó sọ nínú ilé wa lálẹ́ náà, ẹ̀yin tí ẹ wà níbẹ̀ ni ẹ lè sọ ọ́.

Díẹ̀díẹ̀ ló ń sọ ìyókù fún wa. Omi kò wọ ilé tó ń gbé, torí orí ibi gíga ló wà, ṣùgbọ́n kò síná, kò sómi ẹ̀rọ, kò sí nẹ́tíwọ́ọ̀kì, ọ̀nà sì ti já. Títì márosẹ̀ I-40 ya lulẹ̀ sínú odò Pigeon. Láti ìgbà tó ti ń gbé ilé náà, òun àti ọkùnrin tó wà lókè orí rẹ̀ kò sọ ju “ẹ káàárọ̀” lọ. Ọkùnrin yẹn ló gbé ààrò gáàsì rẹ̀ wá sí ìta, ó ní kí gbogbo ilé kó ẹran inú fìríìjì wọn wá kó tó bàjẹ́. Wọ́n jọ sè é, wọ́n jọ jẹ ẹ́. Ẹnì kan gbé pátákó kan ti ògiri, wọ́n ń kọ ọ́ síbẹ̀: yàrá báyìí nílò insulin, yàrá báyìí ní ọmọ ọwọ́, màmá ìsàlẹ̀ ń lo ẹ̀rọ tí ń fún un lọ́síjìn. Àbúrò mi kọ orúkọ tirẹ̀ sábẹ́, ó kọ “nọ́ọ̀sì” sí i. Láti ìgbà náà, wọ́n ń kanlẹ̀kùn tọ̀sán-tòru. Àwọn mẹ́ta ló gbé màmá ìsàlẹ̀ tòun tàga rẹ̀ lọ sí ilé iṣẹ́ panápaná níbi tí iná wà.

Ohun tó wọ̀ mí lára jù ni ti ilé ìgbẹ́. Bí omi ẹ̀rọ kò bá sí, ilé alájà púpọ̀ di nǹkan mìíràn láàárín ọjọ́ méjì. Àwọn ènìyàn ń pọn omi odò sínú garawa, wọ́n ń gun àtẹ̀gùn lọ bá àwọn arúgbó àti àwọn tí ẹsẹ̀ ń dùn, kí wọ́n lè da omi sí i. Nígbà tó yá, àwọn kan kó ara wọn jọ, ó di iṣẹ́ wọn, wọ́n ń lọ láti ilé dé ilé. Kò sẹ́ni tó máa ya fọ́tò irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Lójú tèmi, kò síṣẹ́ tó ju ìyẹn lọ nínú gbogbo ohun tí wọ́n ṣe. Ní àwọn ibi tí ọkọ̀ kò lè dé lórí òkè, ìbaaka ni wọ́n di oúnjẹ àti oògùn lé lẹ́yìn. Ìjọba dé, mi ò ní sọ pé kò dé, bẹ́ẹ̀ náà ló rí ní Maiduguri. Ṣùgbọ́n kó tó dé, ẹnì kan ti pọn omi gòkè fún ìyá arúgbó.

Ọjọ́ 18 oṣù Kọkànlá ni wọ́n tó kéde pé omi ẹ̀rọ Asheville ti ṣeé mu, torí àkúnya ti hú àwọn páìpù ńlá tó ń gbé omi wá láti ibi ìsun rẹ̀, ó sì ti da ẹrẹ̀ pọ̀ mọ́ omi ọ̀hún. Kó tó dìgbà náà, ọmọ Yorùbá kan láti Charlotte, tí àbúrò mi kò mọ̀ rí, wa ọkọ̀ wá bá a, ó di omi kún un, ó tún fi gàrí àti ata gígún sí i. Màmá kò mọ orúkọ rẹ̀. “Ọmọ tó gbé omi” ló ń pè é nínú àdúrà, ojoojúmọ́ ló sì ń pè é.

Ó lé ní ọgọ́rùn-ún ènìyàn tó kú ní North Carolina nìkan. Àbúrò mi mọ̀ nínú wọn. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ọ́ fún mi lóru ọjọ́ kan, ó sọ ọ́ dé ibì kan, ó ní, “Ẹ̀gbọ́n mi, èló ni wọ́n ń ta kóńgò ẹ̀wà ní Òṣogbo báyìí?” Mo sọ fún un. Ó pariwo, ó ní ká yáa gbé ẹ̀wà sí báńkì. A rẹ́rìn-ín. Mi ò tíì bi í léèrè ìyókù.

Mo mọ ibi tó ti kọ́ ohun tó ṣe lọ́hùn-ún. Nígbà tí a wà ní kékeré, tí odò Ògbágbá bá kún wọ ilé àwọn ènìyàn, ṣọ́ọ̀bù télọ̀ Bàbá ni wọ́n ń sùn. Bàbá á ti àwọn ẹ̀rọ ìránṣọ sí kọ̀rọ̀, Màmá á gbé ìkòkò ńlá kaná, àbúrò mi tí kò tíì ga tó tábìlì ló ń pín ife. Ọdún 2024 ni ọdún àkọ́kọ́ tí a lò já láìsí Bàbá. Ẹ ti rí i pé mi ò kọ nǹkan kan nípa rẹ̀ láti oṣù Kìíní. Ẹ̀rọ rẹ̀ ṣì wà níbẹ̀, òwú búlúù tó fi sí i kẹ́yìn ṣì wà nínú abẹ́rẹ́. Ẹnikẹ́ni nínú wa kò lè fà á yọ.

Ọkùnrin kan wá sọ́dọ̀ rẹ̀ nígbà kan tó jẹ́ táwẹ̀lì nìkan ló ró, omi ti kó gbogbo ẹrù rẹ̀. Bàbá wọ̀n ọ́n lóru náà, ó rán ṣòkòtò fún un kí ilẹ̀ tó mọ́, kò gba kọ́bọ̀. Ó ní, “Omi gbé ṣòkòtò lọ, ó fi ìdí sílẹ̀. Ẹ dúpẹ́.” Títí di òní, bí nǹkan bá bọ́ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni nínú ilé wa, ohun tí a ń wí nìyẹn.

Alhamdulillah. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ yín, gbogbo ẹ̀yin tí ẹ fi àdúrà ránṣẹ́, tí ẹ pè, tí ẹ wá jókòó. Àbúrò mi ní bí iṣẹ́ bá gbà á láàyè, òun á wá gba ààwẹ̀ nílé lọ́dún tó ń bọ̀. A ò tíì sọ fún Màmá. Ẹ má bá wa sọ ọ́, nítorí ọ̀nà lè yí padà, ìrètí rẹ̀ ti gba ìyà tó tó lọ́dún yìí.

Ní àdúgbò wa, Ìyá Ìbejì ti ní ìwé kan báyìí. Ó ń kọ ẹni tó ń dá gbé síbẹ̀, ẹni tó ní kànga, ẹni tó ní jẹnẹrétọ̀, ẹni tí oògùn rẹ̀ gbọ́dọ̀ wà nínú fìríìjì. Bí kò bá tíì dé ẹnu ọ̀nà yín, ó ń bọ̀. Ẹ sọ òótọ́ fún un. Ohun tó sì ku kí òjò àkọ́rọ̀ tó dé ni gọ́tà. Ọ̀rá ti dí i láti orí kọ́nà títí dé ibi tó ti ń wọ odò, gbogbo wa la sì mọ ilé tí omi máa kọ́kọ́ wọ̀. Sátidé, ọjọ́ 4 oṣù Kìíní, aago méje àárọ̀, la máa bẹ̀rẹ̀. Àbúrò mi ti fi owó ṣọ́bìrì ránṣẹ́, Mallam ní òun á mú àwọn ọ̀dọ́ wá láti Sábó. Ẹni tó bá ní ọkọ́ kó mú un dání. Ẹni tí kò ní, kó ṣáà máa bọ̀, Bàbá Mẹkáníìkì ní tí òun fẹ́ yá a.