Omi Tó Tún Gbóná Fúnra Rẹ̀

Ẹnu mi ló kó bá mi. Àbúrò mi jókòó jẹ́jẹ́, ó ń fi pẹ́ńsùlù àti rúlà ya gíráàfù, mo wá bú sẹ́rìn-ín. Mo ní kí ló ń fìyà jẹ ara rẹ̀ sí, ìlà àṣẹ kan péré ni kọ̀ǹpútà fi ń ṣe irú iṣẹ́ yẹn.

Ó ní, "Ó dáa, ẹ̀gbọ́n. Ẹ jẹ́ ká wò ó."

Bá a ṣe gbé omi kaná nìyẹn. Nígbà tó hó, a bù ú sínú ife, a ki tẹmómítà bọ̀ ọ́, mo ń ka bó ṣe ń tutù ní ìṣẹ́jú kọ̀ọ̀kan láti 0 dé 30, àbúrò mi ń kọ ọ́ sínú ìwé. Dígírì 92 ló ti bẹ̀rẹ̀, 48 ló parí sí. Fóònù mi dún lẹ́ẹ̀kan láàárín, mo dìde lọ gbé e, mo sì padà wá. Lẹ́yìn náà, mo tẹ gbogbo rẹ̀ sínú fáìlì, mo tún ní kí kọ̀ǹpútà bá mi tò ó lẹ́sẹẹsẹ kó lè dùn ún wò. Ẹ rántí títò yẹn o.

Mo ṣí MATLAB, ètò kọ̀ǹpútà tí wọ́n fi ń ṣe ìṣirò, tí wọ́n sì fi ń ya gíráàfù. Nítorí pé mo fẹ́ fakọyọ, mo ní mi ò ní í ya gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Kí àwọn àmì máa wọlé lọ́kọ̀ọ̀kan bí ìgbà téèyàn ń sin ìlẹ̀kẹ̀. Mo kọ ìyípo for, ìyẹn àṣẹ tó ń mú kí kọ̀ǹpútà tún iṣẹ́ kan náà ṣe léraléra, mo fi plot(t(k),T(k)) sáàárín rẹ̀ (plot ni "yà á", t ni ìṣẹ́jú, T ni dígírì), mo tẹ Run.

Àpótí funfun jáde. Ó ní férémù, ó ní nọ́ńbà nísàlẹ̀, ó ní nọ́ńbà lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ìlà ńkọ́? Kò sí.

Àbúrò mi wo àpótí, ó wò mí, kò sọ nǹkan kan. Ó fa ìwé rẹ̀ mọ́ra, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi rúlà wọn nǹkan.

Mo ní bóyá ìlà náà tín-ín-rín jù. Mo sọ LineWidth di 2. Mo sọ ọ́ di 10, èyí tí afọ́jú pàápàá ì bá fọwọ́ bà. Mo ní kó jẹ́ pupa. Mo mú aṣọ, mo nu ojú kọ̀ǹpútà (ẹ má fi mí rẹ́rìn-ín, ẹ̀yin náà ti ṣe é rí). Mo pa á, mo tún un tàn. Àpótí funfun ṣì ni. Kò tiẹ̀ fi lẹ́tà pupa bú mi bó ṣe máa ń ṣe. Ọmọ tó ń ké, èèyàn á mọ ibi tó ti ń dùn ún. Èyí tó kàn ń woni ràn-ìn ni wàhálà. Nígbà tó yá, mo ti ń dá a gbà pé èmi ni Elédùmarè fẹ́ lò láti rí àbùkù tẹ́nì kankan ò rí rí nínú ètò tí wọ́n ti ń tà láti 1984.

Ìgbà yẹn ni àbúrò mi gbójú sókè. "Ẹ̀gbọ́n, ṣebí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú la fi wọn omi? Kí ló dé tí àpótí yín bẹ̀rẹ̀ ní 8, tó parí ní 10?"

Mo wo ìsàlẹ̀. Lóòótọ́, 8 dé 10. Mo wo ẹ̀gbẹ́: 70 dé 72. Ara mi tutù ju omi yẹn lọ. Àmì kan ṣoṣo ló wà nínú àpótí náà, ní àárín gbùngbùn, ní ìṣẹ́jú 9 àti dígírì 71. Ìlà gbọ́dọ̀ níbi tó ti gbéra, kó sì níbi tó gúnlẹ̀ sí. Àmì ẹyọ kan ò ní ìkejì, bí èèyàn ò bá sì sọ pé kí wọ́n fi nǹkan sàmì síbẹ̀, kò sóhun tójú máa rí. Plot kọ̀ọ̀kan tún ń nu ti ìṣáájú rẹ̀ dànù. Ìgbà mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni mo ní kó ya ohun tí kò ṣeé rí, ó sì gbọ́ràn sí mi lẹ́nu nígbà mọ́kọ̀ọ̀kànlélọ́gbọ̀n.

Mo fi 'o' sí i kó lè máa fi òbìrìkìtì sàmì, mo kọ hold on sókè kó má bàa nu ti ìṣáájú dànù mọ́. Àwọn àmì yọ síta bí èèyi lára ọmọdé, ṣùgbọ́n kò sí èyí tó di ọwọ́ ẹnì kejì rẹ̀ mú. Mo fìbínú pa ìyípo for rẹ́, mo kọ plot(t,T). Ìlà kan péré, bí mo ṣe fọ́nnu níbẹ̀rẹ̀.

Ìlà dé lóòótọ́. Ó rìn dé 19, ó sá padà sí 2, ó fò lọ sí 20, ó dé 29, ó tún sá padà sí 3, bí ẹni tó ń gbàgbé kọ́kọ́rọ́ sílé. Títò tí mo ní kẹ́ ẹ rántí nìyẹn. Mo ti fi àwọn ìṣẹ́jú náà pamọ́ bí ọ̀rọ̀, kì í ṣe bíi nọ́ńbà, kọ̀ǹpútà sì tò wọ́n bí wọ́n ṣe ń to ọ̀rọ̀: 0, 1, 10, 11, títí dé 19, kó tó wá kan 2. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ 9 ló gbẹ̀yìn.

Mo kọ t = sort(t) kó lè to àwọn ìṣẹ́jú náà bíi nọ́ńbà, mo tún un yà. Ìlà ò rìn sẹ́yìn mọ́. Ṣùgbọ́n omi tá a ti sọ̀ kalẹ̀ lórí iná látàárọ̀ dédé tún gbóná ní ìṣẹ́jú 12, ó tutù ní 13, ó tún gbóná ní 23. Mo ti to ìṣẹ́jú, mi ò to dígírì tẹ̀ lé e. Gbogbo wọn ti gba ọkọ ọlọ́kọ.

Mo pa ti tẹ́lẹ̀ rẹ́, mo kọ [t,i] = sort(t), kí i lè rántí ibi tí ìṣẹ́jú kọ̀ọ̀kan ti wá, mo fi T = T(i) tẹ̀ lé e kí dígírì kọ̀ọ̀kan lè tẹ̀ lé ìṣẹ́jú tirẹ̀. Ìlà náà wá rọra sọ̀ kalẹ̀ láti òkè, ó dán, ó gún régé. Mo pe àbúrò mi kó wá wò ó. Ó ti ya tirẹ̀ tán, ó ti kùn ún, ó ń gbẹ́ pẹ́ńsùlù. Ó tẹ̀ mọ́ ojú kọ̀ǹpútà dáadáa.

"Ẹ̀gbọ́n, ó já níbí."

Lóòótọ́, ìlà náà dé 16, ó dúró, ó sì tún gbéra ní 18. Àárín wọn ṣófo. Mo wo fáìlì, NaN (ìyẹn "kì í ṣe nọ́ńbà") ló wà ní ìṣẹ́jú 17, torí a ò rí nǹkan kankan kọ síbẹ̀.

"Níbo lẹ wà ní ìṣẹ́jú 17?"

Mo wà lórí fóònù. Mò ń sọ fún ọ̀rẹ́ mi kan pé kò sóhun tó ń jẹ́ gíráàfù mọ́ láyé yìí, kọ̀ǹpútà ti gba iṣẹ́ náà ṣe.