Afunfèrè tó sin Ọbabìnrin Elizabeth

Gbogbo èèyàn ló ń sọ̀rọ̀ àwọn ológun ojú omi 142 tó fa pósí Ọbabìnrin Elizabeth ní Monday yẹn, September 19, 2022, lóòótọ́ ó wú mi lórí, àmọ́ afunfèrè yẹn ló mú omijé bọ́ lójú mi. Ilé bùrọ̀dá mi lÓkè-Fìà, l'Óṣogbo níbí, la ti ń wò ó, ìsìn ti ń parí lọ ní Westminster Abbey, ibẹ̀ pa lọ́lọ́, ló bá bẹ̀rẹ̀ sí í fun fèrè alápò tàwọn ará Scotland, ó ń fun ún ó ń rìn lọ, ohùn fèrè ń jìnnà, ó ń jìnnà, títí a ò fi gbọ́ ọ mọ́.

Iṣẹ́ ẹ̀ ni pé kó máa fun fèrè lábẹ́ fèrèsé ọbabìnrin láago 9 àárọ̀, látayé Ọbabìnrin Victoria ní 1843 ni wọ́n ti ń ní irú ẹni bẹ́ẹ̀ láàfin. Nígbà tí mo ṣàlàyé ẹ̀ fún ìyá wa, wọ́n ní, "Háà! Ẹni tó ń jí i náà ló wá kí i pé ó dàárọ̀ yẹn."

Àwa náà sá ní tiwa. Ìlù ni wọ́n fi ń jí Aláàfin l'Ọ́yọ̀ọ́, Aláàfin Làmídì Adéyẹmí sì wàjà ní April 22 ọdún yẹn kan náà, lẹ́yìn ọdún 51 lórí ìtẹ́. Èmi ò ní ká gbé kámẹ́rà wọ ibi tí kò yẹ o, ohun tó bá jẹ́ ti awo kó jẹ́ ti awo, kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ torí òyìnbó tú u síta. Bí wọ́n ṣe ṣí adé kúrò lórí pósí ọbabìnrin ní Windsor, níbi tí wọ́n sin ín sí, kí wọ́n tó sọ̀ ọ́ kalẹ̀ gan-an, ó yé gbogbo wa nílé láìsí àlàyé, adé ò kúkú ń bá ọba wọlẹ̀.

Àmọ́ ti onílù kì í ṣe awo. Gbangba ló ti ń lù ú, àwọn àgbà tó mọ oríkì Láròóyè àti ti Mátànmí, àwọn ọba Òṣogbo àtijọ́, délẹ̀délẹ̀ ń dàgbà sí i, ọ̀pọ̀ ọmọ wọn ti lọ ń ṣe nǹkan míì. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà nítòsí ààfin Àtáọ́ja, ọba Òṣogbo, tí bàbá onílù kan bá gbà fún yín, ẹ jọ̀ọ́ ẹ fi fóònù gbà á sílẹ̀ látòkè délẹ̀, kẹ́ ẹ bi wọ́n ní orúkọ gbogbo ọba tí wọ́n fi ìlù pè, kẹ́ ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú.