Owó ọjọ́ tí o ò ṣàìsàn: New Jersey àti Odògúnyàn

Ẹ̀yin ará Ìkòròdú, ẹ gbọ́ èyí ná. Ní New Jersey l'Amẹ́ríkà níbí, òṣìṣẹ́ ìjọba ìpínlẹ̀ ní síìkì líìfù, ìyẹn ọjọ́ àìsàn tí wọ́n ń sanwó ẹ̀, ọjọ́ 15 lọ́dún, èyí tí kò bá lò á máa gorí ara wọn títí á fi fẹ̀yìn tì, wọ́n á wá san ìdajì owó ọjọ́ tó kù fún un, àmọ́ kò ní ju 15,000 dọ́là lọ. Tàwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ gan-an ló le, ohun tí wọ́n bá ti bá yúníọ̀nù ṣàdéhùn ni wọ́n ń san, owó orí ará àdúgbò sì ni o. Chris Christie tó jẹ́ gómìnà níbí tẹ́lẹ̀ máa ń bú owó yìí pé owó tí wọ́n fi ń ra ọkọ̀ ojú omi ni. Òfin 2010 wá ní ẹni tí wọ́n bá gbà síṣẹ́ lẹ́yìn May 21 ọdún yẹn ò gbọdọ̀ gbà ju 15,000 lọ, ìgbà tó bá sì fẹ̀yìn tì nìkan ni wọ́n lè san án. Ṣé wọ́n wá tẹ̀ lé e? Ní 2022 ìpínlẹ̀ yẹ ìwé ìlú 60 wò, 57 ni ò pa òfin mọ́ tán.

Èmi ò sí níbẹ̀ ṣá, iṣẹ́ aládàáni ni mò ń ṣe, wákàtí 40 lọ́dún lòfin fún wa, tó o bá fiṣẹ́ sílẹ̀ kò pọn dandan kí wọ́n san èyí tó kù, torí náà tótútù bá mú mi mo máa ń sùn sílé jàre. Ẹ̀gbọ́n kan tó ń ṣiṣẹ́ ìjọba ìlú ni mo máa ń wò, á máa wúkọ́ kiri ọ́fíìsì torí pé ó ń tọ́jú ọjọ́ ẹ̀.

Ní Odògúnyàn náà, níbi tí àwọn kọ́ńpìnnì wà n'Ìkòròdú, wọ́n ń wúkọ́ lọ síbi iṣẹ́. Òfin Nàìjíríà ní kí wọ́n sanwó àìsàn tó ọjọ́ 12 lọ́dún téèyàn bá ti níwèé dókítà, ṣùgbọ́n ta ló ń bi kásúà, òṣìṣẹ́ olówó ojúmọ́ tí ò níwèé iṣẹ́? Ibà mú àbúrò mi, ó ra oògùn ní kẹ́mísì Sábó, ó wọ kẹ̀kẹ́ Márúwá ó gba kọ́ńpìnnì lọ, torí tí kò bá lọ owó ọjọ́ yẹn ti wọgbó, wọ́n sì lè ti fẹlòmíì sípò ẹ̀ kó tó dé. Mo ń ṣàlàyé owó tibí fún un, ó ní, "Bọ̀ọ̀dá mi, ọjọ́ wo lẹ ní kí n tọ́jú?"

Témi ni pé kí wọ́n má fagi lé owó yẹn pátápátá níbí, torí tó bá di pé èyí tó o ò lò ti ṣòfò, gbogbo ọ́fíìsì ló máa ṣàìsàn ní December. Ti Odògúnyàn, kí wọ́n kọ́kọ́ fún kásúà níwèé iṣẹ́ ná.