Agbo Ijó Iwin Tó Wà Lẹ́yìn Ilé Wa

Oṣù kẹwàá ọdún 2023 ni mo kọ́kọ́ rí i. Mò ń bọ̀ láti ṣọ́ọ̀bù, òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ dá, mo sì gba àárín pápá tó wà lẹ́yìn ilé wa ní Cardiff, ní ilẹ̀ Wales, nítorí pé ẹsẹ̀ ń dùn mí. Mo rí olú kéékèèké nínú koríko, àwọ̀ wọn dà bíi tíì tí wọ́n da mílíìkì sí. Olú kì í ṣe nǹkan tuntun lójú mi. Ohun tó dá mi dúró ni pé wọ́n tò. Ọ̀kan tẹ̀ lé èkejì, ẹ̀kẹta tẹ̀ lé e, wọ́n yí po títí wọ́n fi padà débi tí ojú mi ti bẹ̀rẹ̀. Koríko tó wà lẹ́sẹ̀ wọn tutù yọ̀yọ̀, ó dú ju ti ibi yòókù lọ, àfi bíi pé ibẹ̀ nìkan ni wọ́n ń bomi rin.

Télọ̀ ni mí. Òṣogbo ni mo ti kọ́ṣẹ́, ọdún mẹ́ta kí n tó ṣe fírídọ̀ọ̀mù, síkẹ́ẹ̀tì onífílíà ló sì gbà mí lákòókò jù. Aṣọ tí wọ́n gé yíká bẹ́ẹ̀ kì í bo àṣìṣe: bí ìṣẹ́tí rẹ̀ bá fi ìka kan gùn níbì kan, gbogbo ayé ló máa rí i nígbà tí ẹni tó wọ̀ ọ́ bá yí. Ọ̀gá mi a máa ní ká di ibi ìbàdí mú, ká na téèpù láti ibẹ̀ lọ sísàlẹ̀, ká sàmì, ká sún, ká tún sàmì. Bí mo ṣe ń wo agbo olú yẹn, ohun tó wá sí mi lọ́kàn ni pé ẹnì kan ti di ibi ìbàdí mú láàárín koríko yìí, ó sì na téèpù rẹ̀ dọ́gba sí gbogbo ẹ̀gbẹ́.

Lọ́sẹ̀ yẹn gan-an ni Màmá mú kọ́tìnnì wá kí n bá wọn gé e kúrú. Oníbàárà mi ni wọ́n, wọ́n ti lé ní ẹni ọgọ́rin ọdún, abúlé kan ní ìwọ̀-oòrùn Wales ni wọ́n dàgbà sí, níbi tí bàbá wọn ti ń sin àgùntàn. Orúkọ ni wọ́n ń pe àgbàlagbà níbí. Ẹnu mi ò gbà á. Màmá ni mo ń pè wọ́n láti ọjọ́ àkọ́kọ́, wọ́n sì ń jẹ́ ẹ. Mò ń fi pín-ìnnì mú etí kọ́tìnnì náà, mò ń ròyìn olú fún wọn, wọ́n bá yọ awò ojú wọn.

"Ṣé o ò wọ inú ẹ̀?"

Mo ní rárá, ẹ̀gbẹ́ ni mo dúró sí.

"Ó dáa bẹ́ẹ̀." Wọ́n wá fà ìjókòó sún mọ́ mi, wọ́n sọ ìtàn tí ìyá wọn máa ń sọ fún wọn.

Ọmọkùnrin méjì kan, Rhys àti Llewellyn, ń da ẹṣin bọ̀ wálé ní ìrọ̀lẹ́. Rhys dúró, ó ní òun ń gbọ́ orin. Llewellyn tẹ́tí, kò gbọ́ nǹkan kan. Rhys ní kó máa da ẹṣin lọ, òun fẹ́ jó díẹ̀, òun á bá a lọ́nà. Llewellyn délé, ó retí títí, Rhys ò dé. Wọ́n wá a káàkiri, wọn ò rí i. Àwọn ará ìlú ní Llewellyn ló pa á, wọ́n sì jù ú sẹ́wọ̀n. Àgbẹ̀ kan tó mọ ìṣe iwin ló ní kí wọ́n mú un padà síbi tí Rhys ti dúró. Bí Llewellyn ṣe gbé ẹsẹ̀ lé etí agbo báyìí, ó gbọ́ ohùn dùùrù. Ó ní kí ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ òun gbé ẹsẹ̀ lé ẹsẹ̀ òun. Onítọ̀hún náà gbọ́. Ẹlòmíràn gbé tirẹ̀ lé ti ẹni yẹn, òun náà gbọ́. Ìgbà náà ni wọ́n rí wọn: àwọn ẹ̀dá kúkúrú tó ń jó yí po, Rhys sì wà láàárín wọn. Llewellyn gbá a láṣọ mú, ó fà á jáde. Ohun tí Rhys kọ́kọ́ bèèrè ni pé, ẹṣin dà? Lójú tirẹ̀, òun ò tíì jó tó ìṣẹ́jú márùn-ún. Láti ọjọ́ náà ni kò ti rẹ́rìn-ín mọ́. Ó dùbúlẹ̀, ó sì kú.

Orí mi wú. Ẹsẹ̀ lórí ẹsẹ̀ yẹn ló mú mi jù: pé orin náà wà níbẹ̀ látọjọ́ yìí, ó kàn ń fẹ́ kí ẹni kan gba ara ẹnì kejì gbọ́ ọ ni.

Tylwyth Teg ni àwọn ará Wales ń pe àwọn ẹ̀dá yìí, ìtumọ̀ rẹ̀ ni ìdílé arẹwà. Màmá ní orúkọ àpọ́nlé ni, pé àwọn àgbà ò jẹ́ fi orúkọ burúkú pè wọ́n kí wọ́n má baà gbọ́. Wọn ò ní láti ṣàlàyé ìyẹn fún mi. Níbi tí mo ti wá, ìyá wa là ń pe àwọn ẹlẹ́yẹ, Olóde là ń pe Ṣọ̀pọ̀ná.

Nígbà tí mo fẹ́ sọ ìtàn náà fún ọmọbìnrin mi ní Yorùbá, mo ronú gan-an lórí ohun tí mo máa pè wọ́n. Ẹgbére kúrú bíi tiwọn, ṣùgbọ́n ẹgbére kì í kó agbo jọ. Òun nìkan ló ń gbé ẹní rẹ̀ kiri, tó ń sunkún. Mo fi í sórí iwin, nítorí ìyá àgbà mi máa ń sọ pé iwin nílùú tiwọn, wọ́n lọ́ba, wọ́n lọ́jà. Ẹni tó lọ́jà á lè kó agbo ijó jọ.

Ìlú mìíràn ní èrò tirẹ̀ nípa agbo yìí. Agbo àjẹ́ ni àwọn ará Faransé ń pè é, àwọn ará Jámánì náà bẹ́ẹ̀. Ní Holland, wọ́n ní ibi tí Bìlísì gbé àgbá tó fi ń po wàrà kalẹ̀ sí ni. Ní Tyrol, láàárín àwọn òkè Austria, wọ́n ní dírágónì tó ń fò ló jó ilẹ̀ ibẹ̀, nǹkan kan ò sì ní hù níbẹ̀ fún ọdún méje àfi olú. Ní àríwá England, àwọn ọmọdé a máa sá yí i po ní ẹ̀ẹ̀mẹsàn-án. Ẹni tó bá sá a di ẹ̀ẹ̀mẹwàá ti kó sọ́wọ́ iwin. Èyí tó wọ̀ mí lára jù ni ti Scotland. Wọ́n ní ẹni tó bá fi ọkọ́ tú agbo náà ò ní rí ire mọ́, ṣùgbọ́n ẹni tó bá gbá a mọ́, ikú ìrọ̀rùn ni yóò kú. Mo ti ro èyí lọ, mo ti rò ó bọ̀. Ikú ìrọ̀rùn, nítorí pé èèyàn gbálẹ̀ fún iwin.

Mo ṣáà fẹ́ mọ ẹni tó di ibi ìbàdí mú. Dókítà kan ní Birmingham, William Withering, ló kọ ọ́ sínú ìwé ní 1792 pé olú fúnra rẹ̀ ló ń ṣe agbo náà. Kó tó dìgbà yẹn, àwọn ọ̀mọ̀wé ti fi iwin sílẹ̀, mànàmáná ni wọ́n kà á sí lọ́rùn. Withering gbẹ́ ilẹ̀ níbi tí koríko ti gbẹ lórí agbo náà, kò sì jìn ju íǹṣì méjì lọ tó fi rí ohun tó ń wá: òwú funfun.

Òwú, ẹ̀yin èèyàn mi. Olú tí à ń rí kì í ṣe gbogbo ara olú. Èso ni, bí ọsàn ṣe jẹ́ èso lórí igi rẹ̀. Ara rẹ̀ gan-an wà nísàlẹ̀, òwú tó tín-ín-rín ju èyíkéyìí tí mo ti fi abẹ́rẹ́ fà. Irúgbìn kan tó kéré ju lẹ́búlẹ́bú lọ bọ́ sílẹ̀ lójú kan, ó yọ òwú, òwú náà sì ń lọ sí gbogbo ẹ̀gbẹ́ lọ́gbọọgba, ó ń jẹ gbòǹgbò àti koríko tó ti kú nínú ilẹ̀. Bó bá ti jẹ àárín tán, àárín á kú. Etí nìkan ló máa wà láàyè, etí náà ló sì ń so. Bó ṣe ń jẹ ohun tó kú yẹn, náítírójìn ń jáde nínú rẹ̀, koríko tó wà nítòsí á jẹ yó. Ìdí tó fi tutù yọ̀yọ̀ nìyẹn. Níbòmíràn, òwú náà á dí ilẹ̀ débi pé omi ò ní ráyè wọlé, koríko á sì gbẹ. Ní 2010, àwọn onímọ̀ ní Yunifásítì Shizuoka ní Japan tún rí èròjà kan lára olú mìíràn tó ń ṣe agbo, èròjà tó ń mú koríko dàgbà. Kẹ́míkà iwin ni wọ́n ń pe irú rẹ̀. Orúkọ tí àwọn onímọ̀ fún olú ẹ̀yìn ilé wa pàápàá, *Marasmius oreades*, àwọn iwin obìnrin orí òkè nínú ìtàn àwọn Gíríìkì ló wà nínú rẹ̀.

Mo ní abẹ́rẹ́ ìhunṣọ onírin kan tó ti tẹ̀. Ọjọ́ kejì tí mo rí agbo náà, mo gún un mọ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ olú kan títí orí rẹ̀ fi rì. Oṣù kẹwàá 2024, èmi àti ọmọ mi wá abẹ́rẹ́ náà rí, a sì na téèpù: olú ti kọjá rẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 22. Ó ti rìn. Ní ọdún kan tí ẹnikẹ́ni ò rí i, ìṣẹ́tí náà ti fẹ̀ síta. A wá fi téèpù yí gbogbo rẹ̀ po. Téèpù mi jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 150, ẹ̀ẹ̀mẹtàlá ló lọ géérégé: mítà 19.5. Láti àárín dé etí, mítà 3.1 nìyẹn, bí a ṣe máa ń ṣírò rẹ̀ fún fílíà. Bó bá jẹ́ pé bó ṣe rìn lọ́dún kan yìí náà ló ń rìn bọ̀, á ti tó ọdún 14 tí irúgbìn yẹn bọ́ sílẹ̀. Ọmọ mi pé ọmọ ọdún 14 ní oṣù kẹjọ. Ó dúró sí àárín gan-an, kò sọ nǹkan kan, ó ń wo ilẹ̀. Mo sọ fún un pé ọmọdé ṣì ni tiwa yìí, pé ọ̀kan wà nítòsí Belfort ní Faransé tó fẹ̀ tó nǹkan bíi mítà 600, tí wọ́n sì gbà pé ó ti lé ní 700 ọdún.

Ẹ̀yin tí ẹ wà ní Britain, mo bẹ yín, ẹ má já a sínú ọbẹ̀. Olú yìí ṣe é jẹ fún ẹni tó mọ̀ ọ́n, ṣùgbọ́n òmíràn wà tó ń jẹ́ *Clitocybe rivulosa*, inú koríko kan náà ló ń hù, òun náà ń ṣe agbo, májèlé muscarine ló sì wà nínú rẹ̀. Òógùn á bo èèyàn, itọ́ á máa dà, ó sì lè pani.

Olú tí mo fi ọwọ́ mi tu nígbà èwe kì í rìn báyìí. Lóko ìyá àgbà mi lọ́nà Ìkìrun, ilé ikán lolú wa ń hù sí. Bí òjò àkọ́rọ̀ bá ti rọ̀, ẹ̀gbẹ́ òkìtì kan náà ni lọ́dọọdún. Ikán ló ń dá a lóko: wọ́n á jẹ igi àti ewé gbígbẹ, wọ́n á fi ìgbẹ́ rẹ̀ ṣe ebè sínú ilé wọn, olú á ta òwú sórí ebè, ikán á máa jẹ níbẹ̀. Ìyá àgbà mọ òkìtì wọ̀nyẹn bí ẹni mọ ilé àna. Àwọn náà ló kìlọ̀ fún mi pé bí afẹ́fẹ́ bá ń yí eruku po, kí n yà fún un, ààjà ni. Ààjà a máa gbé èèyàn lọ sínú igbó, oṣù mẹ́ta, ọdún mẹ́ta pàápàá. Ẹni tó bá gbé lọ tó sì padà, á ti mọ ewé. Láti ìlú mìíràn ni wọ́n á ti máa gbé aláìsàn wá bá a.

Mo sọ èyí fún Màmá nígbà tí wọ́n wá gba aṣọ lẹ́yìn tí a wọn agbo náà tán. Wọ́n dákẹ́.

"Rhys ò mú nǹkan kan bọ̀," ni wọ́n wí. "Àwọn tiyín ń mú ewé bọ̀."

Mo wá sọ ọ̀rọ̀ Withering fún wọn, nítorí dókítà tó gbẹ́ ilẹ̀ agbo yìí náà ni. Ní 1775, wọ́n bi í nípa àgbo kan tí ìyá arúgbó kan ní Shropshire, lẹ́bàá ààlà Wales, fi ń wo ara wíwú. Oríṣi ewé tó wà nínú àgbo náà tó ogún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, àṣírí ìyá náà sì ni. Withering yẹ̀ ẹ́ wò títí ó fi mọ èyí tó ń ṣiṣẹ́ nínú wọn, foxglove, ó sì tẹ ìwé lórí rẹ̀ ní 1785. Màmá ní ní èdè àwọn, ọ̀kan nínú orúkọ ewé yẹn ni menyg ellyllon, ìbọ̀wọ́ iwin. Wọ́n ṣí báàgì wọn, wọ́n mú páálí oògùn ọkàn wọn jáde, wọ́n fi hàn mí. Digoxin. Ìdílé ewé yẹn náà ni wọ́n ti ń rí i. Àràárọ̀ ni Màmá ń lò ó.

Wọ́n wá bi mí pé, "Obìnrin Shropshire yẹn, ta ló gbé e lọ?"

Mo gbé ìbéèrè yẹn délé. Lálẹ́ ọjọ́ náà, mo sọ ọ́ fún ọmọ mi, ó ní ká jáde. Òkùnkùn ti kùn, a tan iná fóònù, a wá agbo náà kàn. Mo gbé ẹsẹ̀ ọ̀tún mi lé etí rẹ̀. Ó bọ́ bàtà, ó gbé ẹsẹ̀ tirẹ̀ lé tèmi, ó sì pa iná. A tẹ́tí.